Kí ló dé tí ojú tí wọ́n fi abẹ là yẹn kò fi kúrò lọ́kàn mi? Ọ̀rọ̀ lórí àlá nínú fíìmù aláìlóhùn ayé àtijọ́

Ọmọ Òṣogbo
Ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti àná ni fíìmù kan ti gbà mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Un Chien Andalou ni wọ́n ń pè é. Luis Buñuel àti Salvador Dalí, ọmọ Sípéènì ni àwọn méjèèjì, ló ṣe é ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1929. Kò gùn tó ìdajì wákàtí. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ajá kan láti Andalusia, agbègbè kan ní Sípéènì, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rí ajá, n kò sì rí Andalusia.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sójú fíìmù pé "Ní ọjọ́ kan", bí ẹni tó fẹ́ pa àlọ́. Ọkùnrin kan ń pọ́n abẹ, sìgá wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó gbójú sókè wo òṣùpá tó yọ roboto. Ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ òṣùpá náà. Obìnrin kan jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n fi ìka la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ìkùukùu gba iwájú òṣùpá kọjá, abẹ sì gba inú ẹyinjú kọjá. Ohun tó wà nínú ẹyinjú tú jáde. Mo ké. Àbúrò mi sáré wọ yàrá wá, ó ń bi mí pé kí ló dé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ pé "Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ", obìnrin kan náà tún jáde, ojú rẹ̀ méjèèjì pé, kò sí àpá kankan. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba abẹ mọ́ títí fíìmù fi parí.

Ohun tí mo ń bi yín ni pé, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Mo ti ka oríṣiríṣi àlàyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ò bá ọ̀kan mu. Bí kò bá sì ní ìtumọ̀, kí ló dé tó fi wọ̀ mí lára tó báyìí?

Tíṣà Faransé
Ọjọ́ Ajé, 11:32 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Mo mọ bó ṣe máa ń ṣe èèyàn nígbà àkọ́kọ́.

Àlá méjì ló bí fíìmù yẹn. Buñuel lọ kí Dalí nílé wọn ní Figueres, ó sọ fún un pé òun lá àlá, òun rí ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gé òṣùpá sí méjì bí ìgbà tí abẹ bá la ojú. Dalí náà ní òun lá tòun, òun rí ọwọ́ kan tí èèrà bò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jókòó tì í, kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ tán. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ara wọn: àwòrán yòówù tí èèyàn bá ti lè fi làákàyè ṣàlàyé, kí wọ́n jù ú nù. Bí ọ̀kan bá dá nǹkan lábàá tí ìkejì ní rárá, wọn kì í jiyàn lé e, wọ́n á fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, ìtumọ̀ tí ò ń wá yìí, àwọn méjèèjì ti ṣà á dànù kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà rárá.

Kì í ṣe eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe o. Ẹ rántí ayé tí wọ́n bá ara wọn. Ogun àgbáyé kìíní parí ní 1918. André Breton, tó kọ ìwé ìkéde àwọn Surrealist, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tó ń tẹ̀ lé ọ̀nà àlá, ní oṣù Ọ̀wàwà 1924, ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tí ogun da orí wọn rú. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lójú oorun àti lójú ìran. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó pé làákàyè tí àwọn àgbà fi ń yangàn náà ló ti àwọn ọ̀dọ́ sínú kòtò ogun, wọ́n sì ní kí àwọn lọ wo ohun tó wà lápá kejì, níbi tí àlá ti ń wá. Freud, dókítà tó ń túmọ̀ àlá ní Vienna, ti la ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún wọn ṣáájú.

Ìyá Buñuel ló fún un lówó tó fi ṣe fíìmù náà. Ọjọ́ 6, oṣù Òkúdù, 1929 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní gbọ̀ngàn Studio des Ursulines ní Paris. Buñuel dúró sẹ́yìn aṣọ funfun tí wọ́n ń ta àwòrán lù, ó ń fi gramafóònù kọ orin: táńgò díẹ̀, Wagner díẹ̀. Ó kó òkúta sí àpò. Bí àwọn èèyàn bá fẹ́ lu òun, òun náà á sọ ọ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa fún un, fíìmù náà sì wá lo oṣù 8 ní gbọ̀ngàn mìíràn, Studio 28. Inú rẹ̀ ò dùn rárá pé wọ́n ń pè é ní ohun ẹlẹ́wà.

Ìyá Ìbàdàn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ka ọ̀rọ̀ Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan sì wà níbẹ̀ tí n ò gbà.

Àlá wo ni kò ní ìtumọ̀? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ọmọ bá jí tó ní òun lá àlá, ìyá mi á kọ́kọ́ ní "àlá ire ni o", kó tó jẹ́ kí ó ròyìn ohunkóhun. Bí èèyàn bá sọ pé òun jẹun lójú àlá, kò sẹ́ni tó máa fojú kéré rẹ̀ nínú ilé yẹn, àdúrà ni wọ́n máa gbà. Mo mọ̀ pé ti wa kọ́ ni àwọn ará Paris ń sọ. Ṣùgbọ́n àlá tí èèyàn ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ní ìtumọ̀, kí ló tún kù nínú rẹ̀ tó jẹ́ àlá?

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti òfin tí wọ́n fi lélẹ̀. Èèyàn méjì tó jókòó, tí ọ̀kan ń ní "mú èyí" tí ìkejì ń ní "ju tọ̀hún nù", iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọn ò sùn. Ojú wọn là kedere. Kí wọ́n má pè é ní àlá fún wa. Kí wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni, a ó sì yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn wò bí a ṣe ń yẹ ti oníṣẹ́ ọnà mìíràn wò.

Bàbá Fọ́tò
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Ìyá Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yín bọ́ sí ibi tó yẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ tó le sì ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn kí ti orí fóònù tó dé, nítorí náà ojú oníṣẹ́ ni mo fi wo fíìmù yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Abẹ kò kan obìnrin náà rárá. Ẹyinjú òkú ọmọ màlúù ni wọ́n là. Ọmọ Òṣogbo, bí o bá dá a dúró níbi tí abẹ ti ń wọlé, wàá rí irun tó yí ojú náà ká, kì í ṣe awọ èèyàn. Buñuel fúnra rẹ̀ sì ni ọkùnrin tó ń pọ́n abẹ.

Báwo ló ṣe wá rí wa mú? Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ojú obìnrin náà ló kọ́kọ́ fi hàn, abẹ wà níwájú rẹ̀. Kò lọ tààrà sí ojú màlúù. Òṣùpá ló fi sáàárín, pẹ̀lú ìkùukùu tó ń kọjá. Nígbà tí ìkùukùu fi kọjá tán, ọkàn wa ti la ojú obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó fi hàn wá lẹ́yìn náà kàn wá jẹ́rìí sí ohun tí àwa ti ṣe ni. Ibi tí wọ́n ti gé fíìmù, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, ibẹ̀ gan-an ni abẹ ti kọjá.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo ibi tí èèrà ti ń jáde látẹ́lẹ́wọ́. Àwòrán mẹ́rin ló yọ́ wọnú ara wọn níbẹ̀: ihò dúdú tí èèrà ti ń tú jáde, irun abíyá obìnrin kan tó sùn sínú oòrùn, ẹranko òkun kan tó rí roboto tó lẹ́gùn-ún lára bí òòrẹ̀, àti orí ẹnì kan tí wọ́n wò láti òkè, tó dúró láàárín ìmọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ bí kì í bá ṣe ìrísí: dúdú roboto láàárín funfun. Láyé ìgbà náà, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á máa pa ojú kámẹ́rà dé díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ṣókùnkùn, wọ́n á yí fíìmù padà sẹ́yìn, wọ́n á sì tún máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ sórí ohun kejì. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka iye ìgbà tí ọwọ́ wọn yí. Bí wọ́n bá ṣì í kà, fíìmù náà bàjẹ́ nìyẹn, owó sì ti lọ.

Àlá ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àbí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ wà lọ́jà, ẹ yíjú, ọjà ti di ilé ìwé yín àtijọ́, nítorí pé ariwo ibẹ̀ jọ ara wọn. Ẹ ò sì bi ara yín léèrè lójú àlá pé báwo ló ṣe jẹ́.

Ọmọ Òṣogbo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Bàbá, mo lọ dá a dúró. Mo rí irun màlúù náà. Mo wá fi sílẹ̀ kó máa lọ, ara mi tún bù máṣọ bíi ti àkọ́kọ́! Mo mọ̀ pé màlúù ni o, mo sì ṣì dijú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:26 alẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ dárí jì mí, mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dùn mí nígbàkigbà tí wọ́n bá ti dá irú ìjíròrò yìí sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ látorí Buñuel àti Dalí. Obìnrin ló ṣáájú wọn!

Germaine Dulac lorúkọ rẹ̀. Ìlú Amiens ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1882. Ní ọjọ́ 9, oṣù Èrèlé, 1928, gbọ̀ngàn Studio des Ursulines kan náà tí Tíṣà dárúkọ yìí, wọ́n fi La Coquille et le Clergyman hàn, ìyẹn ìkarahun àti àlùfáà. Antonin Artaud ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Dulac ló darí rẹ̀. Ó ju ọdún kan lọ kí ajá Andalusia tó jáde.

Àlùfáà kan jókòó, ó ń fi ìkarahun ńlá bu omi dúdú kan sínú ìgò, ó sì ń jẹ́ kí ìgò náà bọ́ lulẹ̀ fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ológun kan yọ sí i lẹ́yìn, ó fi idà lu ìkarahun náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí àlùfáà yẹn tó ń rá pálá lọ lójú títì Paris. Ó ń lé obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀. Ojú ọ̀gá ológun pín sí méjì lójú wa. Ìrù aṣọ àlùfáà ń gùn, ó ń gùn, ó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni bí Dulac ṣe ń sọ ibi kan di ibi mìíràn láìjẹ́ kí ẹ gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ẹ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti dé orí àpáta.

Kí ni wọ́n fi san án fún un? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn Surrealist fúnra wọn ló wá da gbọ̀ngàn rú, wọ́n ń bú u lójú gbogbo ayé. Nígbà tí fíìmù náà dé Ìlú Ọba níhìn-ín, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò kò jẹ́ kí wọ́n fi hàn. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ó ṣókùnkùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìtumọ̀, àti pé bó bá tiẹ̀ ní, ó dájú pé ohun tí kò dára ni. Ẹ wo ìyẹn. Wọn ò mọ ohun tó ń sọ, wọ́n sì dá a lẹ́bi.

Mo wo fíìmù náà nínú gbọ̀ngàn kékeré kan níbí, obìnrin kan ń ta sẹ́lò, ohun èlò orin olókùn, lábẹ́ aṣọ funfun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni sẹ́lò náà dákẹ́, nígbà tí àlùfáà ń rá pálá. A ò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe èémí ara wa. N ò lè gbàgbé rẹ̀.

Tíṣà Faransé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:58 alẹ́

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni, Dulac ló ṣáájú, ó sì yẹ kí èmi fúnra mi ti dárúkọ rẹ̀ lánàá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìbínú Artaud, nítorí ó kan ohun tí Ìyá Ìbàdàn ń bá wa fà. Wọ́n ń polówó fíìmù náà gẹ́gẹ́ bí àlá Artaud. Òun sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ohun tí òun kọ kì í ṣe àdàkọ àlá, kí ẹnikẹ́ni má sì mú un bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí àwòrán máa bí àwòrán bí wọ́n ṣe ń bí ara wọn lójú oorun, láìjẹ́ pé a fi ẹni tó sùn hàn. Tí o bá ti pè é ní àlá, o ti fún òǹwòran ní ọ̀nà àbájáde. Á mí kanlẹ̀, á ní "ṣebí kò ṣẹlẹ̀".

Ìyá Ìbàdàn, ó jọ pé ẹ̀yin àti Artaud wà ní ẹgbẹ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà yín kò pọ̀. Ẹ̀yin náà ní kí wọ́n má pè é ní àlá. Mo ń fi fíìmù kan ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù, ti Jámánì ni. Nínú èyí, wọ́n túmọ̀ àlá náà pátápátá. Ẹ wò ó, kí ẹ padà wá sọ bó ṣe rí fún wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀
Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo kàn ń kà á bọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Èmi tí n ò tíì wo ọ̀kan rí, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀rù ojú tí wọ́n là yẹn ń bà mí.

Bàbá Fọ́tò
Ọjọ́rú, 8:50 àárọ̀

Ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀ látorí Entr'acte. Ọdún 1924 ni, René Clair ló darí rẹ̀, Erik Satie ló kọ orin rẹ̀. Wọ́n ṣe é láti fi hàn láàárín eré ijó kan ní Paris. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ràkúnmí ló ń fa ọkọ̀ òkú, àwọn tó wá sin òkú sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń fò nínú omi, tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yí kámẹ́rà yára ju bó ṣe yẹ lọ. Àwòrán tó pọ̀ wọ inú ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí wọ́n bá wá fi hàn ní bó ṣe yẹ, ìrìn á falẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ òkú já, ó ń sáré lọ fúnra rẹ̀, gbogbo wọn sì ń sáré tẹ̀ lé e. Ọkàn rẹ á sáré tẹ̀ lé wọn.

Lẹ́yìn náà, wo Sherlock Jr. ti Buster Keaton, Amẹ́ríkà, ọdún 1924 kan náà. Keaton kì í ṣe Surrealist. Aláwàdà ni, ó sì fẹ́ kí ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n ò tíì rí ẹni tó fi ìpìlẹ̀ àlá hàn jù ú lọ. Ó ń ṣe ẹni tó ń yí fíìmù ní sinimá, oorun gbé e lọ, ẹ̀dà rẹ̀ kan dìde kúrò lára rẹ̀, ó rìn lọ, ó sì wọ inú aṣọ funfun náà! Bó ṣe wọlé, ayé inú fíìmù ń yí mọ́ ọn lórí. Ó fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì ti di ojú títì. Ó fẹ́ bẹ́ sínú omi òkun, yìnyín ló bẹ́ sí. Ara rẹ̀ kò kúrò lójú kan, ibi tó wà nìkan ló ń yí. Láti lè ṣe èyí, irin iṣẹ́ tí àwọn sọ̀fíyọ̀ fi ń wọn ilẹ̀ ni wọ́n fi wọn ibi tó dúró sí àti bí kámẹ́rà ṣe jìnnà sí i, kí ó lè dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n bá kó dé ibòmíràn. Ẹ wo wàhálà tí èèyàn ṣe kí ohun kan lè rí bí ẹni tí kò ṣe wàhálà.

Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ lo kámẹ́rà. Ní 1923, Man Ray, oníṣẹ́ fọ́tò kan, wọ́n iyọ̀ àti ata sórí fíìmù nínú òkùnkùn, ó fọ́n ìṣó sórí òmíràn, ó tan iná lé wọn fírí, ó sì lọ fọ̀ ọ́. Mo gbìyànjú irú rẹ̀ rí lórí pépà fọ́tò, ewé àti kọ́kọ́rọ́ ni mo lò. Ewé náà funfun, ó ń tàn nínú òkùnkùn bí ẹ̀mí ewé. Títí di òní, mo ṣì tọ́jú pépà yẹn.

Ìyá Ìbàdàn
Ọjọ́bọ̀, 5:40 àárọ̀

Mo ti wò ó. N ò sùn dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ ní ìdájí yìí.

Fíìmù tí Tíṣà fi ránṣẹ́ ni Geheimnisse einer Seele, àwọn àṣírí ọkàn kan. G. W. Pabst ló darí rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1926. Ọkùnrin kan, Werner Krauss ló ṣe é, bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù ọ̀bẹ. Kò lè fi ọ̀bẹ kan oúnjẹ mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á fi gún ìyàwó òun. Ó lá àlá: ìlú kan yọ láti inú ilẹ̀, ilé ìṣọ́ gíga kan hù sókè, àwọn agogo ńlá tó wà lókè rẹ̀ sì di orí àwọn obìnrin tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo gbá orúnkún mi mú. Ọmọlẹ́yìn Freud méjì, Karl Abraham àti Hanns Sachs, ló ran àwọn tó ṣe é lọ́wọ́. Freud fúnra rẹ̀ kọ̀, kò gbà pé èèyàn lè ya èrò òun ní àwòrán.

Nígbà tó yá, dókítà jókòó, ó ń túmọ̀ àlá náà níkọ̀ọ̀kan. Èyí dúró fún tìyẹn, tìyẹn wá látinú ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà èwe. Ara ọkùnrin náà yá, ó gbé ọmọ lọ́wọ́ lórí òkè, inú rẹ̀ dùn. Inú mi náà sì dùn sí i, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Bí dókítà ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ni àlá náà ń ṣá. Orí àwọn obìnrin yẹn tó fẹ́ gba oorun mi, nígbà tí ó sọ ohun tí wọ́n jẹ́ tán, wọ́n padà di agogo. Mo wá lọ wo èyí tí Ọmọ Òṣogbo wò, nítorí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti ń bá a bọ̀ tí èmi ò sì tíì fojú kan án. Òun ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo gbà pé mo ṣì í sọ lápá kan. Ní ti Pabst, a rí ọkùnrin náà tó dùbúlẹ̀, a sì rí i tó jí. Keaton tí Bàbá sọ náà, ó sùn, ó sì jí. Ní ti àwọn ọmọ Sípéènì méjì yìí, mo ṣọ́ ọ láti òkè délẹ̀: kò sẹ́ni tó lá a, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè jí kúrò nínú rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé àlá ire ni o?

Ibì kan ṣì wà tí n ò tíì fi sílẹ̀. Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Àlá òṣùpá yẹn, Buñuel ló ni ín. Òfin tí wọ́n ṣe kò sọ pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan fún un. Ohun tó sọ ni pé wọn ò ní sọ ọ́ fún wa.

Tíṣà Faransé
Ọjọ́bọ̀, 7:03 àárọ̀

Ìyá, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fíìmù yìí láti ọdún mélòó kan, n ò rò ó débẹ̀ rí. Mo máa mú un lọ sí kíláàsì lọ́la.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́bọ̀, 12:20 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ Ìyá rán mi létí fíìmù kan láti Jàpáànì tó yẹ kí ẹ wá wò. Kurutta ippēji, ọdún 1926. Teinosuke Kinugasa ló darí rẹ̀, ẹni tó ti máa ń ṣe ipa obìnrin nínú eré kó tó di olùdarí. Yasunari Kawabata, tó wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1968, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Bàbá àgbàlagbà kan gba iṣẹ́ agbálẹ̀ nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, nítorí pé inú ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ wà. Obìnrin náà kò dá a mọ̀ mọ́. Òjò, ọ̀pá irin, obìnrin kan tó ń jó nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́, gbogbo rẹ̀ ń wọnú ara wọn, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n kọ sójú fíìmù. Ní Jàpáànì ìgbà náà, ẹnì kan ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí á máa sọ ìtàn fún àwọn òǹwòran. Benshi ni wọ́n ń pè é.

Fíìmù náà sọnù fún nǹkan bí ọdún 45. Kinugasa fúnra rẹ̀ ló rí i nínú ẹrù rẹ̀ ní 1971.

Ibi tó mú omi jáde lójú mi ni ibi tí bàbá yẹn ti ń ro ó lọ́kàn pé òun ń pín ìbòjú fún àwọn aláìsàn, ìbòjú tí ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀kan bo ojú ẹnì kan, ojú yẹn rẹ́rìn-ín. Ó fi sí òmíràn lójú. Ó fi sí ti ìyàwó rẹ̀. Òun náà wọ ọ̀kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo wọn fi láyọ̀. Ṣé àlá bàbá náà nìyẹn, àbí ìran, àbí àdúrà? Kò sọ, mo sì dúpẹ́ pé kò sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀
Ọjọ́bọ̀, 9:11 alẹ́

Mo ti wo ti ràkúnmí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi 3 la jọ wò ó, lórí fóònù kan ṣoṣo. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti Keaton báyìí. Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá.

Ọmọ Òṣogbo
Ọjọ́ Ẹtì, 11:18 alẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo tún un wò lálẹ́ òní. Mo pa ohùn rẹ̀ pátápátá, nítorí mo kà á pé orin tó wà lára rẹ̀ báyìí, 1960 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo rí ohun tí n ò rí nígbà àkọ́kọ́.

Wọ́n ń kọ àkókò sójú fíìmù ṣáá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, yàrá kan náà ni, àwọn èèyàn kan náà ni, kò sí ohun tó yí padà. Mo ti ń bá wọn ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú tí mo kọ́kọ́ wò ó. Lónìí, mo jáwọ́ nínú ìṣirò.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn yàrá tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Paris. Etí òkun ló bọ́ sí. Kò sí àtẹ̀gùn, kò sí òpópónà. Ẹ̀fúùfù fẹ́ lù ú, ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan dúró dè é níbẹ̀ lórí iyanrìn, ohun àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà sì ṣe ni pé ó na ọwọ́, ó fi aago ọwọ́ rẹ̀ hàn án.